Ààwẹ̀ Ọjọ́ Méje àti Kọfí Bàbá Onífèrè

"Má tíì gbé e mì," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jókòó lẹ́nu rẹ."

Ìdérí fuláàsì ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Kọfí tó wà nínú rẹ̀ dúdú kirikiri, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì, ó sì korò débi pé omi bọ́ lójú mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Igbotako. Ọ̀kadà àkọ́kọ́ ti kọjá lọ sí ọ̀nà Okitipupa, àkùkọ ìyá mi sì ń kọ lẹ́yìnkùlé bí ẹni pé wọ́n ń san owó fún un. Òórùn kọfí ń bá òórùn epo pupa jà nínú ẹ̀bù tí Bàbá ti ń fún epo, nítorí òórùn epo kì í kúrò lára ògiri ibẹ̀, àní bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ fún oṣù kan.

"Ó yá, gbé e mì. Ghá, fọn dò fún mi. Má gé e títí n óò fi ní ó tó."

Mo gbé fèrè sẹ́nu, mo fọn ọ́n. Ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí igbe ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú.

"Ewúrẹ́ ti jí," ó ní. "Ó kù kí ó kọrin."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Bàbá kọ́ ló bí mi, a kò sì bá ara wa tan. Aládùúgbò wa ni, ìjọ Aládùúrà kan náà ni a jọ ń lọ, igi ọ̀pẹ méjì péré ló sì wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀. Epo ni iṣẹ́ rẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó bá ti wọ sùtánà funfun rẹ̀, tí ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lápá ọ̀tún pẹpẹ, tí ó gbé tirọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí àwa ń pè ní fèrè sẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń rántí epo mọ́. Ìjọ wa kéré, páànù rẹ̀ ń jò, síbẹ̀ àwọn èèyàn a máa ti Ìlútítun gun ọ̀kadà wá nítorí fèrè yẹn. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi. Ìyá mi ní fèrè kì í ṣe ohun èlò obìnrin. Bàbá ní kí ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú Bíbélì han òun. Ìyá mi wá a fún ọ̀sẹ̀ kan, kò rí i, ó sì yọ̀ǹda mi.

Oúnjẹ ni Bàbá kọ́kọ́ kọ́ mi kí ó tó kọ́ mi ní fèrè. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ohun tó yẹ kó wà ní inú òun, kò lè mọ ohun tí yóò ti inú òun jáde. Ẹ̀pà kò gbọdọ̀ kan ẹnu mi kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èérún rẹ̀ yóò wọ inú fèrè lọ jókòó. Epo kò gbọdọ̀ kan ètè mi, kí ẹnu fèrè má baà máa yọ̀. Ìyẹn sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ibi tí ó ti ń sọ ọ́, àgbá epo ló yí wa ká. Ó máa ń fi ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá kí ó tó fi kan fèrè. Púpurú àti ọbẹ̀ márúgbó, tí ó fẹ́ràn ju ohunkóhun lọ láyé, ẹ̀yìn ìdánrawò ni. "Púpurú máa ń jókòó lé èémí lórí ni," ó ní. "Bí o bá jẹ ẹ́ tán, ibùsùn ló kàn, kì í ṣe fèrè." Ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ni ó ń gbà fún mi, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kọfí.

Kọfí yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Obì ni Bàbá ń jẹ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó ń fọn fèrè káàkiri fún àwọn ẹgbẹ́ olórin. Ó ní eyín òun pọ́n nígbà náà bí ẹni tó jẹ ẹran tútù. Nígbà tó wọ ìjọ wa, tí wọn kì í jẹ obì, ó jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì wá kọfí fi rọ́pò. Èèpo ẹkùrọ́ ló ń dá iná láti fi se omi rẹ̀, ó máa ń ta pàrà-pàrà bó bá ń jó. N óò gbọ́ ìró yẹn láti orí ẹní mi, n óò mọ̀ pé Bàbá ti jí, n óò sì dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Ìyá mi rò pé omi gbígbóná lásán ló ń bù fún mi. Èmi náà kò sọ nǹkan míì fún un.

A ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan ó lé díẹ̀ kí ìkórè ọdún náà tó dé. Ìkórè ni ọjọ́ tí fèrè Bàbá máa ń níyì jù, ó sì ti ṣèlérí pé lọ́dún yìí, èmi ni n óò fọn ẹsẹ̀ kejì orin ìwọlé, kí òun tó gbà á lọ́wọ́ mi. Èyí gan-an kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún oṣù méjì.

Ọdún kọ̀ọ̀kan ni ìjọ máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìkórè, ohun tó bá sì wu oníkálùkù ni yóò fi ṣínu ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, Ìyá Wòlíì, ìyá àgbà tó ń ríran fún ìjọ wa, ní Ẹ̀mí ní kí ó di ọjọ́ méje, àti pé omi àti ọsàn nìkan ni kí a fi ṣínu. Àwa ọmọdé, títí di ọ̀sán ni tiwa. Bàbá kì í fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, a pàdé ní ẹ̀bù, kò dá iná. A fi ọ̀fun gbígbẹ dánra wò.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Kì í ṣe irú èyí tí ibà máa ń mú wá. Ó ń lù mí lẹ́yìn ojú, ó sì ń mú mi kanra sí gbogbo èèyàn. Ìyá mi fi ìpara pa iwájú orí mi, ó ní ebi ni. Àmọ́ nígbà tí mo jẹun lọ́sàn-án tán, kò lọ. Bàbá náà, bó ṣe jókòó ní ẹ̀bù ní òwúrọ̀ yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀bátí rẹ̀. Ó fọn ohùn mẹ́ta, ó gbé fèrè sílẹ̀. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí gbogbo akọrin péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí fèrè lójú gbogbo ayé, ó ṣi orin tí ó ti ń fọn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá mi. Nígbà tí olórí akọrin ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Bàbá sùn lọ lórí ìdúró. Mo rí bí àwọn obìnrin ṣe ń wo ara wọn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo yọ́ wọ inú ẹ̀bù lọ. Agolo kọfí wà lórí pákó níbi tó máa ń wà. N kò mọ ohun tó sún mi débẹ̀, bóyá òórùn rẹ̀ lásán ni. Mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, mo sì fi omi lé e. Kí n tó rìn dé ilé kí n sì fọ abọ́ tí wọ́n ní kí n fọ̀, orí fífọ́ náà ti lọ. Ó lọ tán pátápátá. Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe Bàbá.

Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọmọdé ni mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, níbi àdúrà ìṣínu, Ìyá Wòlíì bú sí igbe. Ó ní àwọn ọ̀tá ti di okùn mọ́ orí ọkùnrin kan nínú ìjọ, wọ́n fẹ́ gba èémí rẹ̀ kí ìkórè tó dé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí Bàbá. Ó ní kí ọkùnrin náà gbé ohun tí ó fi ń yin Ọlọ́run sílẹ̀ sábẹ́ aṣọ pẹpẹ fún ogójì ọjọ́, kí àwọn obìnrin sì fi orúnkún gbàdúrà fún un títí di ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí simẹ́ǹtì lásán. Wọ́n ń sunkún, ẹkún gidi, ẹkún ẹni tí ebi ti ń pa láti ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá mi wà láàárín wọn. Mo fa sùtánà rẹ̀, mo ní, "Màámi, kọfí ni."

"Kí ni?"

"Ohun tó ń ṣe Bàbá. Kọfí tí kò mu ni."

Ó gbá mi lọ́wọ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ó ní. "Kúnlẹ̀, kí o sì dijú rẹ."

Mo kúnlẹ̀. N kò dijú mi. Mo rí Bàbá tí ó gbé fèrè rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tí ó tẹ̀ ba, tí ó sì fi sábẹ́ aṣọ pẹpẹ.

Kí àkùkọ tó kọ ní ọjọ́ Ẹtì, mo ti wà ní ẹ̀bù. Bàbá ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó jókòó láìsí iná, láìsí fèrè. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: orí mi tó fọ́, ìyẹ̀fun tí mo lá, bí ó ṣe lọ. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ọ̀tá. Kọfí ni."

Ó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀, ọma mi."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo fi ń jẹ obì, bí obì bá tán nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni í ṣe mí. Àgbà tí kò mọ ara rẹ̀, kí ló mọ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn? Wọ́n ti gba fèrè yín!"

"Ghọn kò gbà á. Èmi ni mo gbé e sílẹ̀." Ó tún fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀bátí rẹ̀. "O rí ìyá rẹ lánàá? Ṣé o rí eékún rẹ̀? Eékún tí kò jẹ́ kí ó lè gun àtẹ̀gùn, òun ló fi kúnlẹ̀ lórí simẹ́ǹtì nítorí mi. Àghan obìnrin yìí fi ebi sunkún, wọn kò bí mi, n kò bí wọn. Kí n ghá dìde láàárín wọn, kí n ní kọfí ni?"

"Òótọ́ kúkú ni."

"Òótọ́ ni. Bí a bá sọ ọ́, gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín, ojú á sì ti ghọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn gidi bá ghá dé, tí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní kí ó lọ mu kọfí." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ kò jẹ́. "Ogójì ọjọ́ ni, kì í ṣe ogójì ọdún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ṣèlérí. Mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí ó ti hàn sí mi pé n kò ní fọn ẹsẹ̀ kejì orin kankan lọ́dún yẹn.

A ṣe ìkórè láìsí fèrè. Agogo lù, ìlù dún, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ, Bàbá sì dúró sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ó ń kọrin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró èèpo ẹkùrọ́ tó ń ta. Ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti yá. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí ó wá jẹ́rìí. Ó dìde, ó ní, "Orí mi kò fọ́ mọ́." Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀, kò sì purọ́. Àwọn obìnrin hó yèè. Ìyá mi jó pẹ̀lú eékún búburú yẹn títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo rò pé ogójì ọjọ́ náà yóò ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn òwúrọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi. Bàbá mú àrọ tí ó fi ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n máa fi fọn. Àrọ lásán! Ó kọ́ mi bí ètè ṣe ń gbọ̀n, bí ikùn ṣe ń ti èémí lẹ́yìn. Mo ní kí òun náà fi fọn, kí ètè rẹ̀ má baà gbàgbé. Ó kọ̀.

"Mo ti gbé fífọn sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run," ó ní. "N kò ní fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e sílẹ̀ kí n tún fi ọwọ́ òsì jí i gbé."

Nítorí náà, ó ń mu kọfí rẹ̀, mo ń mu tèmi, mo ń fọn àrọ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí a kò sọ. Ó sọ fún mi nípa ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, àti bí obìnrin náà ṣe máa ń bú fèrè náà pé orogún òun ni. N kò mọ̀ pé mo ń jẹ adùn tí kò ní padà wá mọ́.

Ogójì ọjọ́ pé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún un ní fèrè rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mu kọfí, ó nu ẹnu fèrè, ó gbé e sókè. Èémí nìkan ló jáde, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ iná. Ó tún gbé e. Èémí ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ètè rẹ̀ ti ń fọn lójoojúmọ́ láti ìgbà èwe, kò sì tíì sinmi rí. Ní báyìí tó ti sinmi, ó kọ̀, kò dìde mọ́. Ó gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń mu kọfí ìlọ́po méjì, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná ra ètè. Mo máa ń wo ilẹ̀ kí n má baà wo ojú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, ó kàn na fèrè náà sí mi.

"Gbà. Fọn dò."

Mo fọn ọ́n. Ó jáde, ó gùn, ó mọ́ gaara. Bàbá di ojú rẹ̀. Nígbà tó là á, ó kàn ní, "Ewúrẹ́ ti lọ."

Mo bínú o. N kò ní purọ́. Mo bínú sí Ìyá Wòlíì, mo bínú sí ìyá mi, mo sì bínú sí Bàbá jù wọ́n lọ, pé òótọ́ kan wà tó lè gba fèrè rẹ̀ là, tí ó sì fi í sínú nítorí eékún àwọn obìnrin. Mo wí i fún un lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo rò pé mo gbọ́n. Kò bá mi wí. Ó ní òun ti fọn fèrè fún èèyàn fún àádọ́ta ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni èèyàn sunkún fún òun, kò sì sí èyí tí òun lè dá padà nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ó kú, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìdánwò ni mo ń ṣe, wọn kò sọ fún mi títí wọ́n fi sin ín.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Fèrè ni mo fi ń jẹun. Mo ti fọn ọ́n níwájú àwọn tí mi ò lérò pé mo lè rí sójú, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo tẹríba, mo sì máa ń wá ojú kan láàárín wọn tí mo mọ̀ dájú pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, pàápàá ní kùtùkùtù, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán.

Ọdún mẹ́fà rèé tí n kò lọ ṣe ìkórè nílé. Mo máa ń ní iṣẹ́ wà, mo máa ń ní ọ̀nà kò dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi pè mí lórí fóònù. Ó ti darúgbó, ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní òun àti àwọn obìnrin ìjọ ti wọ ààwẹ̀ nítorí mi láti Ọjọ́ Ajé, pé Ọlọ́run fi hàn wọ́n pé ayé ló di ẹsẹ̀ mi, tí kò jẹ́ kí n mọ ọ̀nà ilé mọ́.

"A ń kúnlẹ̀ fún ẹ, ọma mi," ó ní. "Okùn yẹn á já."

Kò sẹ́ni tó di ẹsẹ̀ mi. N kò kàn fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kí n rí apá ọ̀tún pẹpẹ láìsí Bàbá níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Òótọ́ ni, kò sì gùn. Mo gbọ́ bí èémí ìyá mi ṣe ń lọ sókè sódò lórí fóònù, èémí ẹni tí ebi ń pa, mo sì mọ irú ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Àmín, màámi," ni mo wí. "Ọjọ́ wo ni ìkórè?"